Ezra Jack Keats àti Ọmọkùnrin Aláṣọ Pupa

Ìtàn ìgbésí ayé tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọba, kì í ṣe ti olóṣèlú tàbí ti jagunjagun. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó fi àlùmọ́gàjí, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà. Ezra Jack Keats ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní 40 ọdún tó ti kú, síbẹ̀ àwọn ọmọdé ṣì ń yá ìwé rẹ̀ kà.

Mo yàn án nítorí ìbéèrè kan tó kan gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé fún ọmọdé láàárín wa: ṣé dandan ni kí ohun ńlá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kan kí ìtàn rẹ̀ tó yẹ ní kíkọ sínú ìwé? Nínú ìwé tó sọ Keats di olókìkí, ọmọkùnrin kékeré kan jí, ó rí i pé yìnyín ti bo gbogbo àdúgbò, ó wọ aṣọ òtútù pupa, ó jáde lọ ṣeré, ó padà wálé, ó wẹ̀, ó sùn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló wá dé tí ìwé náà fi ru ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sókè, àwọn kan pẹ̀lú ayọ̀, àwọn kan pẹ̀lú ìbínú? Ká tó lè dáhùn, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé tí wọ́n bí i sí.

Ilé tálákà, ọwọ́ tí kì í dúró

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1916 ni wọ́n bí i ní Brooklyn, ní ìlú New York, ní Amẹ́ríkà. Jacob Ezra Katz ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Benjamin ni bàbá rẹ̀, Augusta tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Gussie sì ni ìyá rẹ̀. Júù ni wọ́n, ilẹ̀ Pólàǹdì ni wọ́n ti ṣí wá sí Amẹ́ríkà, òun sì ni ọmọ wọn kẹta. Àdúgbò àwọn tálákà ni East New York tí wọ́n ń gbé. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni pé ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà ní ilé oúnjẹ kan ní Greenwich Village, níbi tí àwọn ayàwòrán pọ̀ sí.

Láti kékeré ni ọwọ́ ọmọ yìí kì í ti í dúró. Ìgbà kan wà tó ya àwòrán kún ojú tábìlì ilé ìdáná wọn. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ìbá fa ọmọ létí. Ìyá tirẹ̀ kò nù ún kúrò. Aṣọ ló fi bo tábìlì náà, bí aládùúgbò bá sì yà kí wọn, á ká aṣọ kúrò kí wọ́n lè wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 8, ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò san sẹ́ǹtì 25 fún un pé kí ó bá òun kọ pátákó.

Ti bàbá rẹ̀ yàtọ̀. Ojoojúmọ́ ni bàbá ń rí àwọn ayàwòrán tí ebi ń pa, kò sì fẹ́ kí ọmọ òun di ọ̀kan lára wọn. Lójú gbangba, ó máa ń sọ fún un pé iṣẹ́ náà kò lè bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lálẹ́, bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó lè mú túùbù ọ̀dà kan jáde lápò, kí ó ní ayàwòrán kan tí kò lówó ọbẹ̀ lọ́wọ́ ló fi í ṣe pààrọ̀ oúnjẹ. Irọ́ ni. Owó ara rẹ̀ ló fi ń ra ọ̀dà náà. Ẹnu rẹ̀ ń sọ pé rárá, àpò rẹ̀ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀dá owó ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 bá wọn nínú ipò yìí. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Thomas Jefferson, àwòrán tí ọmọ náà ya nípa àwọn aláìríṣẹ́ tí wọ́n yí iná ká nínú òtútù gba ẹ̀bùn nínú ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jákèjádò Amẹ́ríkà. Oṣù Kíní ọdún 1935 ni ó yẹ kí wọ́n ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní mẹ́dàlì nítorí àwòrán yíyà. Ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde náà ti dé tán nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣubú lójú títì tí ó sì kú. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọmọ ni wọ́n ní kí ó wá dá òkú mọ̀. Nínú pọ́ọ̀sì bàbá, ó rí àwọn àgékù ìwé ìròyìn tó ti gbó. Ìròyìn nípa àwọn ẹ̀bùn tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà ni gbogbo wọn. Bàbá tó ń bá a wí ti ń gbé wọn káàkiri láìsọ fún un.

Ọ̀nà jíjìn dé ibi ìwé ọmọdé

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà mẹ́ta ló fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè lọ, nítorí ó gbọ́dọ̀ ran ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe lójú ọ̀sán. Bí àyè bá yọ, ó ń lọ sí kíláàsì àwòrán. Ní 1937 ó rí iṣẹ́ lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń fún àwọn aláìníṣẹ́ níṣẹ́, ó sì ń ya àwòrán sára ògiri ilé ìjọba. Lẹ́yìn náà ó ya ẹ̀yìn àwòrán fún àwọn kọ́míìkì Captain Marvel. Ní 1943 wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun, ibẹ̀ ni ó sì ti ń ṣe àpẹẹrẹ àwọ̀ tí wọ́n fi ń fi nǹkan ogun pa mọ́ lójú ọ̀tá.

Ogun parí, ṣùgbọ́n ìkórìíra tí wọ́n ní sí àwọn Júù kò parí. Orúkọ Katz lásán tó láti ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ ènìyàn. Ní 1947 ó yí orúkọ rẹ̀ padà lábẹ́ òfin sí Ezra Jack Keats. Ní ilẹ̀ wa, a máa ń sọ pé ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọkùnrin yìí ní láti wo ìta kí ó tó sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Mo rò pé ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yóò mọ bí ó ṣe rí kí wọ́n ti ojú ìwé lé ọmọ kan jáde nítorí ohun tí ó jẹ́.

Ní 1949 ó lọ lo ìgbà díẹ̀ ní Paris láti kọ́ àwòrán sí i. Nígbà tó padà, ó ń yàwòrán fún àwọn ìwé ìròyìn àti èèpo ẹ̀yìn ìwé. Kì í ṣe òun ló dìídì wá ìwé ọmọdé lọ. Èèpo ìwé kan tó ya ni olóòtú kan rí tó fi pè é. Ní 1954 ni ìwé ọmọdé àkọ́kọ́ tó ya àwòrán sí jáde, ìyẹn Jubilant for Sure, tí Elisabeth Hubbard Lansing kọ.

Fún bí ọdún mẹ́wàá, ìtàn àwọn ẹlòmíràn ni ó ń ya àwòrán sí. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń gbé fún un, ó ṣàkíyèsí nǹkan kan: ọmọ adúláwọ̀ kì í ṣe olórí ìtàn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi í sí i, ẹ̀yìn ló máa ń wà. Ní 1960, òun àti Pat Cherr jọ kọ My Dog Is Lost!, ìtàn Juanito, ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Puerto Rico dé New York, tí kò gbọ́ ju èdè Spanish lọ, tí ajá rẹ̀ sì sọnù. Àwọn ọmọ oríṣiríṣi àdúgbò ló bá a wá a. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àwòrán tó fi pa mọ́ fún ogún ọdún

Ní 1940, Keats gé àwọn fọ́tò kan láti inú ìwé ìròyìn Life. Ọmọkùnrin adúláwọ̀ kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Georgia ni, tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nínú fọ́tò kan ó dúró pẹ̀lú ìgboyà, nínú òmíràn ojú rẹ̀ ti yí padà. Keats lẹ àwọn fọ́tò náà mọ́ ògiri níbi iṣẹ́, ó yọ wọ́n, ó tún lẹ̀ wọ́n. Ó lé ní ogún ọdún tí ọmọ yìí fi ń wò ó. Nígbà tó tó àkókò tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kọ ìwé tí ó sì fẹ́ ya àwòrán rẹ̀, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá olórí ìtàn kiri. Ọmọ inú fọ́tò náà ló pè ní Peter.

Ní 1962 ni ilé iṣẹ́ ìwé Viking gbé The Snowy Day jáde, ìwé ọjọ́ yìnyín náà. Bí ó ṣe ṣe àwòrán rẹ̀ yẹ ní kíkọ́. Ṣáájú, ọ̀dà ni ó máa ń lò jù. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń gé bébà àti aṣọ, ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Aṣọ ìyá Peter, aṣọ ọlọ́rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ni. Bẹ́ẹ̀dì Peter, aṣọ tí àwọn ayàwòrán máa ń yàwòrán lé ni. Ó gbẹ́ rọ́bà ìparẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ọ̀dà, ó fi ń tẹ ẹ̀wọ́n yìnyín sójú ìwé. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ tàdáwà, ó fọ́n ọn ká títí ògiri yàrá inú àwòrán fi dà bí ẹni pé òru ti ṣú. Ẹ kíyè sí i pé ohun inú ilé ni púpọ̀ nínú irinṣẹ́ wọ̀nyí: aṣọ kọ́bọ́ọ̀dù, búrọ́ọ̀ṣì, rọ́bà. Ìtàn ọjọ́ lásán ni, ohun èlò ojoojúmọ́ ló sì fi ṣe é.

Ìtàn náà ní ìbànújẹ́ kékeré kan nínú. Peter mọ ìṣù yìnyín, ó fi í sápò kí ó lè fi ṣeré lọ́la. Nígbà tó wẹ̀ tán tó lọ wo àpò náà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó sùn pẹ̀lú ìrora ọkàn, ó lá àlá pé oòrùn ti yọ́ gbogbo yìnyín ìta. Ó jí, ó rí i pé yìnyín ṣì wà, òmíràn sì ń bọ́ lọ́wọ́. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò ní láti gbọ́ àlàyé kankan kí ó tó mọ ìbànújẹ́ àpò òfìfo yẹn. Àgbàlagbà náà mọ̀ ọ́n, bí kò tilẹ̀ rí yìnyín rí.

Ní 1963 ìwé náà gba mẹ́dàlì Caldecott, ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé Amẹ́ríkà ń fún ìwé àwòrán ọmọdé tó dára jù lọ́dún. Langston Hughes, gbajúgbajà akéwì adúláwọ̀, kọ̀wé láti yìn ín. Olùkọ́ kan náà kọ̀wé sí Keats pé àwọn ọmọ adúláwọ̀ inú kíláàsì òun, tí wọ́n máa ń fi àwọ̀ ẹlẹ́yàá tàn bí ti òyìnbó kun ara wọn bí wọ́n bá ń ya ara wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú kíréyọ̀nù àwọ̀ ara wọn. Nínú gbogbo ẹ̀bùn tó gbà, èmi rò pé èyí ló tóbi jù.

Peter ń dàgbà

Keats kò fi Peter sílẹ̀ nínú yìnyín. Láàárín 1962 àti 1972 ó kọ ìwé méje tí Peter wà nínú wọn, ọmọ náà sì ń ga sí i láti ìwé dé ìwé. Ní Whistle for Willie ti 1964, gbogbo ìṣòro ayé Peter ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń súfèé pe ajá. Ó dé fìlà bàbá rẹ̀ kí ó lè dà bí àgbà, bóyá súfèé á jáde. Ní A Letter to Amy ti 1968, ó fẹ́ pe ọmọbìnrin kan sí ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ máa sọ. Nínú Goggles! ti 1969, àwọn ọmọ tó dàgbà jù ú lọ ń lé òun àti Archie ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ó fi dé Pet Show! ní 1972, Archie ni ìtàn ń tẹ̀ lé. Peter ti di ọ̀kan lára àwọn tó dàgbà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Peter's Chair, ti 1967. Ìyá Peter bí ọmọbìnrin, Susie. Bàbá ń kun gbogbo ohun èlò Peter àtijọ́ ní àwọ̀ píǹkì fún ọmọ tuntun. Peter rí àga rẹ̀ kékeré tí wọn kò tíì kùn, ó gbé e, òun àti ajá rẹ̀ sá kúrò nílé. Ibi tí wọ́n sá dé kò ju iwájú ilé lọ. Ó fẹ́ jókòó sórí àga náà, àga kò gbà á mọ́. Kò sí ẹni tó bá a wí, kò sí ẹni tó wàásù fún un. Àga fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé ó ti dàgbà. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga àgbà nídìí tábìlì, ó sì dábàá pé kí òun àti bàbá jọ kun àga kékeré náà fún Susie.

Ẹ rántí Benjamin Katz tó ń fi túùbù ọ̀dà pa mọ́ sápò. Nínú ìwé yìí, bàbá àti ọmọ jọ di búrọ́ọ̀ṣì mú, wọ́n jọ ń kun nǹkan kan ṣoṣo. Èrò ara mi ni o, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí ikú kò jẹ́ kí Keats àti bàbá rẹ̀ ṣe ní gbangba ni ó fi sójú ìwé níbẹ̀.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Ní 1965, Nancy Larrick kọ àpilẹ̀kọ pàtàkì kan sínú Saturday Review. Ó yẹ ìwé ọmọdé tó lé ní 5,000 tó jáde láàárín 1962 àti 1964 wò, ó rí i pé ìdá 6.7 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ènìyàn dúdú wà nínú wọn, ìbáà ṣe ẹnì kan. Ó tún bu ẹnu àtẹ́ lu The Snowy Day: kò sí ibi kan nínú ọ̀rọ̀ ìwé náà tí wọ́n ti sọ pé adúláwọ̀ ni Peter, bẹ́ẹ̀ sì ni àwòrán ìyá rẹ̀, obìnrin sísanra tó wọ aṣọ aláwọ̀ títàn, kò dùn mọ́ ọn nínú. Keats kọ èsì sí ìwé ìròyìn náà. Lójú rẹ̀, àwòrán ti sọ ohun tí ọmọ náà jẹ́, kò sí ìdí tí ọ̀rọ̀ yóò fi tún máa kéde rẹ̀. Àwọn mìíràn béèrè ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ni aláwọ̀ funfun ń wá nínú ìtàn ọmọ adúláwọ̀?

Mi ò fẹ́ gbà á jẹ́ ní ìrọ̀rùn. Iye tí Larrick kà jáde kì í ṣe irọ́, ìwé kan kò sì lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Nígbà tí John Steptoe, ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ láti Brooklyn kan náà, gbé Stevie jáde ní 1969, ìtàn ọmọ kan tí ọmọ ẹlòmíràn wá ń gbé nílé wọn tó sì ń bí i nínú, ohùn tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohùn tí Keats lè gbé jáde. Ohùn ilé ni. Lucille Clifton náà tẹ̀ lé e ní 1970 pẹ̀lú ìtàn Everett Anderson. Ó yẹ kí irú wọn ti pọ̀ tipẹ́.

Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀sùn pé kò dárúkọ àwọ̀ ọmọ, ẹ̀yìn Keats ni mo wà. Ní àkókò yẹn, bí ọmọ dúdú bá wọ inú ìwé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìṣòro ni yóò gbé dání, tàbí ẹ̀kọ́ tí yóò fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọmọ òyìnbó nìkan ló ní àǹfààní láti wà nínú ìwé kí ó máa ṣeré lásán. Ohun tí Keats fún Peter ni àǹfààní yẹn. Ó jẹ́ kí ó jẹ́ ọmọ, kò fi í ṣe àpẹẹrẹ ohunkóhun. Ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn: ọmọ kò ní láti ṣe nǹkan kan kó tó yẹ ní kíkọ.

Ohun tó fi sílẹ̀

Keats kò gbéyàwó, kò sì bímọ. Àwọn ìwé tó ya àwòrán sí lé ní 80, ó sì lé ní 20 lára wọn tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1983 ni ó kú ní New York lẹ́yìn àìsàn ọkàn, nígbà tó pé ọmọ ọdún 67. Martin Pope, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, àti Lillie ìyàwó rẹ̀ ló darí àjọ Ezra Jack Keats Foundation lẹ́yìn ikú Keats. Owó tí ìwé rẹ̀ ń mú wá ni àjọ náà fi ń ran ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìkàwé lọ́wọ́, tí wọ́n sì fi ń fún àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ní ẹ̀bùn. Yunifásítì Southern Mississippi ni wọ́n kó àwọn ìwé àti àwòrán àfọwọ́yà rẹ̀ pa mọ́ sí, ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí lè bá wọn níbẹ̀. Ní 2017, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fi Peter sórí sítáǹbù.

Ní oṣù Kíní ọdún 2020, ilé ìkàwé ìjọba ìlú New York ka ìwé tí wọ́n yá jù láti 125 ọdún tí wọ́n ti wà. Kì í ṣe ìwé ogun, kì í ṣe ìwé ìfẹ́. The Snowy Day ló gba ipò kíní. Ìgbà 485,583 ni wọ́n ti yá a.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìtàn ọmọdé nínú kọ̀ǹpútà yín, tí ẹ rò pé ó kéré jù nítorí pé ọmọ inú rẹ̀ kàn ń lọ pọn omi ni, tàbí pé wọ́n ń di irun rẹ̀, tàbí pé ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò fún un, ẹ má jù ú nù. Ẹ lọ parí rẹ̀.